Ta Ni Ó Ń Jẹ Èrè Orí Ọ̀rọ̀ Mi? Ìdáhùn sí Oníṣòwò Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìbéèrè tí a fi ránṣẹ́ nìyí: "Mo ń ta aṣọ-òkè, dàmáskì àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, orí Facebook àti WhatsApp sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń wá. Láìpẹ́ yìí ni mo wo oògùn orúnkún dídùn lórí fóònù mi. Láti ọjọ́ náà, ìpolówó oògùn orúnkún kò yéé tẹ̀ lé mi kiri, ó dé ibi tí mo ti ń wo àwòrán Ojúde Ọba pàápàá. Ọmọ mi ní èmi gan-an ni wọ́n ń tà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ mi sì lówó lórí tó báyìí, ta ni ó ń gba owó náà, kí ló dé tí èmi kò rí ìpín tèmi, kí sì ni òfin Nàìjíríà sọ sí i? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ ra nọ́ńbà gbogbo oníbàárà mi. Ṣé kí n tà á fún un?"

Ẹ kú ọjà, ìyá wa. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rù ni ó ń bà wọ́n. Ẹ̀yin béèrè owó yín, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé láti ẹ̀gbẹ́ owó ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. Ohun tí ó ń dùn yín ni pé ẹnì kan ń pawó lórí ohun tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ fi sílẹ̀, kò sì bi yín kí ó tó ṣe é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrò pé ẹnì kan jókòó síbì kan tó ń ka orúkọ yín àti àìsàn orúnkún yín sí olóògùn létí, kò rí bẹ́ẹ̀ ní ti Facebook àti Google. Ní ti àwọn ẹlòmíràn tí n óò mẹ́nu bà láìpẹ́, ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Bí a kò bá ya irú òwò méjèèjì yìí sọ́tọ̀, ẹni tí kò ṣẹ̀ wá ni a ó máa bá jà, ẹni tó ṣẹ̀ wá yóò sì máa ta ọjà rẹ̀ lọ.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín sanwó fún Facebook láti polówó ọjà yín. Ẹ kò sọ fún mi pé ẹ ti ṣe é rí, ṣùgbọ́n oníṣòwò aṣọ tí kì í ṣe é nígbà tí Ojúde Ọba bá kù sí dẹ̀dẹ̀ kò pọ̀ mọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo jókòó ti ọ̀kan nínú wọn rí bí ó ti ń ṣe é. Ojú fóònù bi í pé ọkùnrin ni àbí obìnrin ni ó ń wá, ó yan obìnrin. Ó bi í ní ọjọ́ orí, ó fi ọwọ́ fà á láti ọgbọ̀n ọdún dé márùndínlọ́gọ́ta. Ó bi í ní ìlú, ó tẹ Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì fẹ àyíká rẹ̀ títí tó fi kan Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ẹ̀pẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí àwọn ènìyàn náà nífẹ̀ẹ́ sí, ó yan ìgbéyàwó. Bí ó ti ń yàn ni iye kan ń yí padà nísàlẹ̀, èyí tó ń sọ bí àwọn tí ìpolówó náà lè dé ọ̀dọ̀ wọn lójúmọ́ ṣe pọ̀ tó. Kò rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, kò sì rí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Ohun tó rà ni ààyè níwájú àwọn tó bá àpèjúwe rẹ̀ mu, àwọn tí Facebook mọ̀, tí òun kò mọ̀. Bí olóògùn orúnkún ṣe rà yín náà nìyẹn.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ orúnkún náà fi dé ibi àwòrán Ojúde Ọba kò gba kí fóònù máa yọ́ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ nínú yàrá, bí àwọn kan ṣe ń gbé e kiri. Ìkànnì oògùn tí ẹ wọ̀ ti gba àmì kan tí ojú kò lè rí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìpolówó, ó sì fi sínú ojú ìwé rẹ̀. Bí ẹ ti ṣí i, àmì náà ránṣẹ́ pé fóònù báyìí báyìí ti dé ibí, oògùn orúnkún ni ó ń wò. Nígbà tí ẹ wá ṣí ìkànnì mìíràn tó ní ààyè fún ìpolówó, wọ́n lu ààyè náà ní gbàǹjo kí ẹ tó ṣẹ́jú: ẹ̀rọ ké sí àwọn olùrà pé obìnrin kan rèé, apá ibi báyìí ni ó wà, irú fóònù báyìí ni ó ń lò, oògùn báyìí ni ó wò níjọ́sí, èló ni ẹ ó dá? Ẹni tó dá owó jù ni ìpolówó rẹ̀ yọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nínú ètò gbàǹjo yìí ni pé àwọn tí kò borí pàápàá ti gbọ́ àpèjúwe yín kí wọ́n tó lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àléébù rẹ̀ tó tóbi jù wà, ó sì burú ju ìpolówó tí ẹ rí lọ.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìjẹ̀bú kò ní pẹ́ lóye irú òwò yìí. Kí ogun Ìmàgbọn ọdún 1892, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, tó ṣẹlẹ̀, àwọn baba wa ni wọ́n dúró láàárín Èkó àti àwọn ìlú òkè. Ọjà tó ń ti etí ọ̀sà bọ̀ kò lè gba ilẹ̀ wa kọjá bí kò bá ti ọwọ́ wọn kọjá, oníbodè sì wà lójú ọ̀nà tó ń gbowó. Oníbodè kò ta ẹrù, kò sì ta ẹlẹ́rù. Ọ̀nà ni ó ń tà. Google àti Facebook ni wọ́n jókòó sójú ọ̀nà báyìí láàárín ẹni tó ń tajà àti ẹni tó ń rà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà, òun náà ló sì bí òfin tí n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀: oníbodè ayé àtijọ́ kì í kọ ohun tó wà nínú ẹrù olúkúlùkù sílẹ̀, kí ó tọ́jú ìwé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó sì máa fi sọ ohun tí ẹlẹ́rù yóò rà lọ́la.

Àwọn tó ń ta orúkọ gan-an wà o. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative kéde síta pé ìkànnì kan ń ta àkọsílẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, NIN àti BVN wọn wà níbẹ̀, fún ẹnikẹ́ni tó bá san ọgọ́rùn-ún náírà. Àjọ NIMC tó ń tọ́jú àkójọ NIN ní kò sí ẹni tó já wọ inú àkójọ òun. Ọgọ́rùn-ún náírà kò lè ra kọ́ńgò gáàrí kan ní ọjà Òkè-Ajé. Irú òwò yìí ni ọmọ yín ń sọ nípa rẹ̀ nígbà tó ní wọ́n ń tà yín, irú rẹ̀ náà sì ni ọkùnrin tó wá sí ṣọ́ọ̀bù yín fẹ́ kí ẹ bá òun ṣe. N óò padà sórí rẹ̀.

Wàyí o, ìpín yín. Ilé iṣẹ́ Meta tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp rí ohun tó lé ní bílíọ̀nù 134 dọ́là gbà lọ́dún 2023, ọwọ́ àwọn olùpolówó ni èyí tó ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ sì ti wá. Ẹni tó bá gbọ́ iye yìí yóò rò pé owó ńlá ni wọ́n jẹ òun mọ́ra. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tẹ iye tí Facebook rí lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan jáde. Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2023, ó tó bí dọ́là 68 lórí ẹni kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní apá ayé tí wọ́n ka Áfíríkà mọ́, kò tó dọ́là 6. Oṣù ọdún Kérésì ni o, ìgbà tí ọjà ń yá jù. Bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ fún yín láìyọ owó iná, owó òṣìṣẹ́ àti owó orí, kò tó dọ́là méjì lóṣù kan, kí a má sì gbàgbé pé nínú iye yẹn ni wọ́n ti ń gbé WhatsApp tí ẹ fi ń tajà ró. Kì í ṣe pé àṣírí ará Amẹ́ríkà níyì ju tiyín lọ. Àpò rẹ̀ ni àwọn olùpolówó ń lé.

Ó yẹ kí ẹ bi mí pé, bí tèmi bá kéré báyìí, báwo ni tiwọn ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé orúnkún yín nìkan kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Orúnkún ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin ni ó kọ́ ẹ̀rọ pé ẹni tó bá wá oògùn báyìí lálẹ́, tó ń ta ọjà, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ṣeé ṣe kí ó ra bàtà tó rọ̀ láàárín oṣù kan. Inú àkójọ ni èrè wà, kì í ṣe inú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó tiyín jáde lónìí, àkójọ náà kò ní mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà ẹni tó dá dúró kò ní agbára kankan láti yọ owó lé e.

Ìdí mìíràn wà tó tún le ju èyí lọ. Aṣọ tí ẹ bá tà, tiyín nìkan ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nípa yín kì í ṣe tiyín nìkan. Obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó fi ohun tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ hàn mí: àwòrán ojú obìnrin mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, àti ọ̀rọ̀ tó sọ pé olè ni, ó ti gbé owó àwọn sá, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ fún un kí ó san án kí agogo méjìlá tó lù. Áàpù ayánilówó kan ni ó rán an. Ẹni tó yáwó tẹ ibi tó sọ pé òun gbà kí áàpù náà ka àwọn nọ́ńbà inú fóònù òun. Gbogbo ẹgbẹ́ ni ó sì tà nígbà náà, láìsí ẹni tó bi ẹgbẹ́. Obìnrin tó fi í hàn mí kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Daron Acemoglu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ti fi ìṣirò hàn pé níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ti ń tú àṣírí ẹlòmíràn, iye tí olúkúlùkù lè tà á yóò máa já wálẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń rà ti mọ èyí tó pọ̀ nípa yín láti ẹnu àwọn tó yí yín ká. Ẹ lè dákẹ́ o, àwọn aládùúgbò kò dákẹ́. Bí ìjọba bá wá sọ ọ́ di ọjà tí olúkúlùkù ń tà fúnra rẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò wọlé fún wa, àṣírí ara wa ni a ó sì máa tà fún un. Ìdí nìyí tí èmi kò fi sí lára àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n máa san ìpín fún wa. Ìdíwọ́ lórí ohun tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ wa ṣe ni ó ṣe wá láǹfààní.

Wọ́n yóò sọ fún yín pé ẹ ti fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni pé ẹ tẹ ibi tí wọ́n ní kí ẹ tẹ̀. Lọ́dún 2008, Aleecia McDonald àti Lorrie Cranor ti yunifásítì Carnegie Mellon ṣírò rẹ̀ pé bí ará Amẹ́ríkà kan bá fẹ́ ka ìwé àdéhùn ìpamọ́ àṣírí gbogbo ìkànnì tó ń wọ̀ lọ́dún, yóò lò ju igba wákàtí lọ. Ó sì jẹ́ ayé ìgbà tí fóònù kò tíì pọ̀ tó báyìí. Kò sí oníṣòwò tó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà kò bá lè mọ̀yàtọ̀ láàárín ilé iṣẹ́ tó ń pa àṣírí mọ́ àti èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń náwó láti pa á mọ́ kò ní rí èrè owó rẹ̀, yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2021 fi hàn pé ọ̀nà tí a gbà béèrè ni ó ń pinnu ìdáhùn. Apple pàṣẹ pé kí áàpù kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ máa tọ ènìyàn lẹ́yìn káàkiri bi í ní ojúkojú, ní ìlà ọ̀rọ̀ kúkurú, bóyá ó gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn kò gbà. Meta sọ fún àwọn olókòwò rẹ̀ nínú oṣù kejì ọdún 2022 pé ìyípadà náà yóò jẹ àwọn ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 dọ́là lọ́dún náà. Àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n ti ń tẹ "mo gbà" sábẹ́ ìwé gígùn tẹ́lẹ̀.

Ní ti òfin, Nàìjíríà kò wà láìní í. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, ìwé tó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Àjọ NITDA tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé gbé ìlànà kan jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2019. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu wá fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbo Ìsọfúnni Ara Ẹni, èyí tó dá àjọ NDPC sílẹ̀ láti máa mú òfin náà ṣẹ. Òfin náà sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, pé àpótí tí wọ́n ti bá ènìyàn fi àmì sí tẹ́lẹ̀ kò kà, àti pé ẹni tó ti yọ̀ǹda lè gbà á padà nígbàkigbà, kí gbígbà á padà má sì ṣòro ju fífún un lọ. Ẹ lè béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ kan mọ̀ nípa yín, kí ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pa á rẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n má fi polówó ọjà fún yín mọ́. Ọ̀rọ̀ ìlera, èyí tí orúnkún yín wà lára rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí òfin kà sí ẹlẹgẹ́, tí ìdí tó lágbára gbọ́dọ̀ wà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí àkójọ bá tú sọ́wọ́ olè lọ́nà tó lè pa àwọn ènìyàn lára, wákàtí 72 ni ilé iṣẹ́ náà ní láti fi tó àjọ létí. Owó ìtanràn fún ilé iṣẹ́ ńlá lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù.

Ibì kan wà nínú òfin náà tó kan ìbéèrè yín gan-an, tí àwọn ènìyàn kì í sì í sọ. Àjọ lè pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ tó rú òfin san owó ìtúnṣe fún ẹni tí ó pa lára, kí ó sì jíyìn èrè tó jẹ lórí rírú òfin náà. Ẹni tí wọ́n pa lára náà sì lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Èrè tí wọ́n jẹ lọ́nà àìtọ́ ni òfin ń lé, kì í ṣe ìpín nínú òwò tó tọ́. Ẹ̀yin gbọ́dọ̀ fi ìpalára hàn, ìpolówó oògùn tó kàn ń tẹ̀ lé ènìyàn sì ṣòro láti fi owó díwọ̀n. Obìnrin tí wọ́n pè ní olè lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹjọ́ tó lágbára ju tiyín lọ.

Ẹ ti gbọ́ nípa ọ̀ràn Meta. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé e, wọ́n ní ó fi dandan gba ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà, kò sì fún wọn ní àyè tó fún àwọn ará Yúróòpù láti kọ̀. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n irú owó bẹ́ẹ̀ ìjọba ni ó ni ín. Kò sí ẹni tí yóò pín in dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí a rí gbà nínú rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ ńlá ti mọ̀ pé ìwà kan náà kò lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Yúróòpù kí ó jẹ́ àṣà ní Nàìjíríà. Ní ti àwọn ayánilówó, NITDA ti bu mílíọ̀nù 10 náírà lé ọ̀kan nínú wọn lọ́dún 2021, ṣùgbọ́n ohun tó dín ìwà náà kù jù lójú mi ni èyí tí Google ṣe lọ́dún 2023, nígbà tó ní áàpù ayánilówó kankan kò gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù mọ́. Oníbodè dí ọ̀nà, ó sì dí. FCCPC tún gbé ìlànà tuntun jáde fún wọn lọ́dún 2025, tí ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 100 náírà. Àwọn tó ń gbé áàpù wọn kiri lórí WhatsApp, tí wọn kò gba ọ̀dọ̀ Google kọjá, ṣì wà síbẹ̀.

N kò ní tàn yín pé òfin tó le ni oògùn gbogbo rẹ̀. Òfin GDPR tí Yúróòpù fi ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ó fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀tọ́ gidi, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta áàpù tó wà lórí àtẹ Google ni ó kógbá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tuntun sì dín kù. Ilé iṣẹ́ ńlá lè gba agbẹjọ́rò ogójì; ọmọ tó ń kọ áàpù nínú yàrá kan ní Àgọ́-Ìwòyè kò lè gba ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà pé kí ènìyàn sanwó kí wọ́n má bàa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn: Meta gbé e kalẹ̀ ní Yúróòpù ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, owó Yúrò 9.99 lóṣù lórí kọ̀ǹpútà, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì bu ìtanràn mílíọ̀nù 200 Yúrò lé e lọ́dún 2025 nítorí ètò náà, pé kò fún àwọn ènìyàn ní yíyàn gidi. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó yẹn àti dọ́là méjì tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá síbí, àwọn olówó ni yóò ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àwọn yòókù ni wọn yóò máa tọ̀ kiri.

Ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìwúlò. Ẹ wọ inú ètò Facebook àti Google níbi tí wọ́n ti kọ ìpolówó sí, ẹ ó rí ohun tí wọ́n rò pé ẹ nífẹ̀ẹ́ sí; ẹ yọ èyí tó kan ìlera kúrò, kí ẹ sì pa àyè tí wọ́n fi ń gba ìròyìn láti ìkànnì mìíràn. Ẹ wo áàpù tó ń ka nọ́ńbà inú fóònù yín, ẹ gbà á lọ́wọ́ èyí tí kò nílò rẹ̀. Fún àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ìpolówó dí yín lọ́wọ́, ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Ìpolówó tó ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù wá yóò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹni tó ra nọ́ńbà yín lọ́wọ́ ẹlòmíràn dúró, tó ń fi káàdì SIM lásán ránṣẹ́. Ìpolówó oògùn náà yóò dín kù, kò ní tán lọ́jọ́ kan.

Ó wá ku ọkùnrin tó wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ má tà á fún un. Òfin ọdún 2023 yọ ẹni tó ń tọ́jú nọ́ńbà fún ìlò ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé oníbàárà ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ìlò ilé. Ní ti ìwé náà, ipò kan náà ni ẹ̀yin àti Facebook wà lábẹ́ òfin, bí tiyín tilẹ̀ kéré. Àwọn obìnrin yẹn fún yín ní nọ́ńbà kí ẹ lè sọ fún wọn pé aṣọ ti dé. Wọn kò yọ̀ǹda ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì ro ohun tó wà nínú ìwé náà dáadáa: orúkọ, àdírẹ́sì tí ẹ ń gbé ẹrù lọ, ìwọ̀n ọwọ́ àti ọrùn, ẹni tó ra iyùn olówó ńlá, àti ọjọ́ tí gbogbo ilé rẹ̀ yóò wà ní Ojúde Ọba. Olè kò nílò ju ìyẹn lọ. Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ ọwọ́ tí ìwé náà yóò bọ́ sí lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ẹ kò sì lè gbà á padà.

Bí ó bá jẹ́ pé ọjà ni ó fẹ́ kí àwọn oníbàárà yín rí lóòótọ́, òwò kan wà tí ẹ lè bá a ṣe láìrú òfin. Kí ó gbé àwòrán ọjà rẹ̀ wá, kí ó san owó ìpolówó tí ẹ jọ fohùn sí, kí ẹ̀yin fúnra yín gbé e sí status WhatsApp yín fún iye ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá mọ. Kí ó hàn kedere níbẹ̀ pé ìpolówó ni, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀yin ni ẹ ń tà á. Ẹni tó bá wù ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè é, ìwé yín yóò sì wà níbi tó wà. Bí oníbàárà kan bá sọ pé òun kò fẹ́ rí irú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń rí status náà. Inú ètò ìpamọ́ WhatsApp ni a ti ń ṣe é, kò sì ní gbà yín ju ìṣẹ́jú kan lọ.